Fírémù 25, 30 àti 60 nínú fídíò ìdána kan ṣoṣo: ijó ń kọsẹ̀, ẹnu alága kò sì bá ohùn rẹ̀ mu

Ayàwòrán_Ìkẹ́rẹ́ · Ọjọ́ Ajé, 9:14 alẹ́

Ẹ kú alẹ́ o, ẹ̀yin àgbà iṣẹ́ àti ẹ̀yin ẹgbẹ́ mi. Iṣẹ́ kan há mi lọ́wọ́, mo sì fẹ́ kí ẹ bá mi dá sí i.

Mo ya ìdána kan níbí ní Ìkẹ́rẹ́ lọ́jọ́ Sátidé. Kámẹ́rà tèmi wà lórí ẹsẹ̀ mẹ́ta níwájú àwọn òbí, 25 fps (fírémù 25, ìyẹn àwòrán 25, ní ìṣẹ́jú-àáyá kan) ni mo fi sí, ó ya wákàtí méjì ó lé díẹ̀. Ọmọkùnrin kan tí mo háyà ń gbé kámẹ́rà tirẹ̀ káàkiri. Òun ló ya ijó ìyàwó, ìdọ̀bálẹ̀ ọkọ pẹ̀lú àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀, owó tí wọ́n ń lẹ̀ mọ́ wọn níwájú orí, àti àwọn ìyá tó ń gúnyán lẹ́yìnkùlé. Ilé la dé kí n tó mọ̀ pé 60 fps ló fi ya gbogbo rẹ̀. Ẹ̀kẹta ni fóònù. Nígbà tí alága ìdúró àti alága ìjókòó ń tàkúrọ̀sọ lẹ́nu ọ̀nà, ẹ̀yìn alága ìdúró nìkan ni kámẹ́rà mi rí. Àbúrò ìyàwó ló bá wa fi fóònù ya ojú rẹ̀, ìṣẹ́jú 38 gbáko, 30 fps.

Mo da gbogbo rẹ̀ pọ̀ sórí timeline 25 (ibi tí a ti ń to fídíò tẹ̀ léra) nínú DaVinci Resolve, app tí mo fi ń gé fídíò. Nǹkan méjì ló ń dà mí láàmú. Àkọ́kọ́, ijó ń kọsẹ̀. Bí ìyàwó bá ń jó bọ̀, tó gbé ẹsẹ̀, ẹsẹ̀ náà á lọ, á dúró fìrí, á tún fò síwájú. Èkejì, ẹnu alága. Níbẹ̀rẹ̀ ó bá ohùn mu. Nígbà tó fi máa dé ìdajì, ó ti pa ẹnu dé kí orin tó tán.

Ìyá ìyàwó ti pè lẹ́ẹ̀mejì, ọjọ́ Ẹtì ni mo sì dá fún un. Ṣé kí n sọ timeline di 30 ni, àbí 60?

Dróònù_Ẹ̀fọ̀n · Ọjọ́ Ajé, 9:31 alẹ́

Ẹ̀gbọ́n, ẹ sọ gbogbo rẹ̀ di 24. 24 ni sinimá ń lò, òun ni ojú ń fẹ́. Èmi kì í fi nǹkan mìíràn ya orí òkè wa ní Ẹ̀fọ̀n níbí, àwọn oníbàárà mi sì máa ń sọ pé ó dà bí fíìmù gidi.

Bàbá_Kásẹ́ẹ̀tì · Ọjọ́ Ajé, 9:58 alẹ́

Ọmọ Ẹ̀fọ̀n, mo kí ọ. Ṣùgbọ́n má dá kún ẹrù tó wà lórí arákùnrin yìí. Kò ní fídíò 24 kankan lọ́wọ́. Bó bá sọ timeline di 24, ohun méjì tó ń kọsẹ̀ lónìí yóò di mẹ́ta.

Ẹ jẹ́ kí n sọ ibi tí àwọn nọ́ńbà yìí ti wá, torí ẹni tó bá mọ orírun wọn kì í sábà ṣì wọ́n lò. 24 wá láti ìgbà tí fíìmù bẹ̀rẹ̀ sí í sọ̀rọ̀, ní apá ìparí àwọn ọdún 1920. Kí ohùn tó wọ fíìmù, ọwọ́ ni ọ̀pọ̀ oníkámẹ́rà fi ń yí i, ẹnì kan á yára, ẹnì kan á fà. Nígbà tí ohùn wọlé, eré fíìmù ní láti dúró sójú kan, torí bí eré bá yí padà, ohùn á yí padà, etí kì í sì í gba ìyẹn. 25 wá láti ara iná mànàmáná. Iná 50 Hz, èyí tó ń yí nígbà 50 ní ìṣẹ́jú-àáyá kan, ni Yúróòpù ń lò, òun náà ni wọ́n gbé dé ọ̀dọ̀ wa, tẹlifíṣọ̀n wá gba ìdajì rẹ̀. Amẹ́ríkà ń lo iná 60 Hz, ìdajì tiwọn jẹ́ 30. Nígbà tí wọ́n fi àwọ̀ kún tẹlifíṣọ̀n wọn ní 1953, wọ́n dín 30 yẹn kù bíńtín, ó di 29.97.

Ọdún 1996, ọdún tí wọ́n yọ Èkìtì kúrò lára Oǹdó, ni mo ra kámẹ́rà VHS mi àkọ́kọ́ ní Ìjerò. PAL, ìlànà tẹlifíṣọ̀n 25 yẹn, ni gbogbo wa ń lò nígbà náà. 25 ni kámẹ́rà, 25 ni kásẹ́ẹ̀tì, 25 ni tẹlifíṣọ̀n tó wà ní pálọ̀ oníbàárà. Kámẹ́rà mẹ́rin lè ya òkú àgbà kan, wọn kò ní bára wọn jà. Fóònù ló mú 30 wọ àárín wa. Ìdí nìyẹn tí n kò fi bá arákùnrin yìí wí. Ohun tí mo fẹ́ kó ṣe ni pé kó má fi ọwọ́ kan timeline yẹn títí a ó fi mọ ibi tó ti ń dun ún.

Àǹtí_Ẹ́díìtà · Ọjọ́ Ajé, 10:47 alẹ́

Bàbá, ẹ ṣeun sà. Àbúrò, kú iṣẹ́. Jẹ́ kí á jọ ka fírémù, torí ìṣirò ló ń fa ìkọsẹ̀ yẹn.

Fídíò fóònù ní fírémù 30 ní ìṣẹ́jú-àáyá kan, àyè 25 ló sì wà lórí timeline. Márùn-ún gbọ́dọ̀ ṣòfò. Resolve á mú fírémù 0, 1, 2, á fo 3, á mú 4 àti 5, á bọ́ sí 6, á tún bẹ̀rẹ̀. Nínú mẹ́fà mẹ́fà, ọ̀kan ń bọ́ sọnù. Ẹ̀ẹ̀márùn-ún ní ìṣẹ́jú-àáyá kọ̀ọ̀kan ni nǹkan ń fò lójú òǹwòran. Bí ènìyàn bá jókòó tó ń sọ̀rọ̀, o lè má rí i. Bí ó bá ń jó gba iwájú àgọ́ kọjá, tàbí tí ẹni tó mú kámẹ́rà ń yí láti ọ̀tún sí òsì, kò sí ibi tó máa sá sí.

Ti 60 yàtọ̀. Bí o bá fi 25 pín 60, 2.4 lo máa rí. Fírémù kì í ní ìdá, nítorí náà ó ń gbé ìgbésẹ̀ 2, á gbé 3, á gbé 2, á gbé 3, á gbé 2, kó tó pé 12, kó tó tún ti ìbẹ̀rẹ̀ mú un. Bí ẹni tí gìgísẹ̀ bàtà rẹ̀ kan ga ju ìkejì lọ. Ká ní 50 ni ọmọkùnrin yẹn fi ya á ni, timeline á mú ọ̀kan, á fo ọ̀kan, gbogbo rẹ̀ á dọ́gba, ìwọ náà ì bá ti sùn báyìí.

Wàyí o, ìbéèrè rẹ nípa 30. Bí o bá sọ timeline di 30, fóònù á balẹ̀, 60 náà á balẹ̀ torí ọ̀kan nínú méjì ló máa mú. Ṣùgbọ́n wákàtí méjì tí ìwọ fúnra rẹ yà ní 25 ni yóò wá máa kọsẹ̀: nínú márùn-ún márùn-ún, ọ̀kan á fara hàn lẹ́ẹ̀mejì. Èwo nínú mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ni òpó ilé? Wákàtí méjì yẹn ni. Àdúrà wà nínú rẹ̀, ìdọ̀bálẹ̀ wà nínú rẹ̀, kíka lẹ́tà wà nínú rẹ̀. Timeline 60 kò sì wo nǹkan kan sàn, torí 25 lórí 60 á tún máa gbé 2, 3, 2, 3, 2, kọ̀ǹpútà rẹ á kàn máa ṣiṣẹ́ ju bó ṣe yẹ lọ nígbà render, ìyẹn ìgbà tó bá ń kó fídíò tó parí jáde.

Fi timeline sílẹ̀ ní 25. Má kàn ṣe fídíò 60 àti fídíò 30 bákan náà.

Pín ijó ìyàwó sí méjì: èyí tó máa lọ lọ́ra àti èyí tó máa lọ ní eré tirẹ̀. Nínú media pool, ibi tí àwọn fídíò tí o kó wọlé wà, kọ́kọ́ ṣe ẹ̀dà clip yẹn, torí ohun tí mo fẹ́ kí o ṣe yìí máa kan gbogbo ibi tí o ti lò ó. Tẹ ẹ̀dà náà ní ọ̀tún, lọ sí Clip Attributes, yí Video Frame Rate láti 60 sí 25. Resolve kò ní ju fírémù kankan nù mọ́, ọ̀kọ̀ọ̀kan ni yóò máa fi wọ́n hàn, ìṣẹ́jú-àáyá 10 á di 24. Á lọ jọ̀lọ̀. Orin lo máa fi sí i lábẹ́, nítorí náà ohùn ibẹ̀ kò ní da ẹnikẹ́ni láàmú.

Èyí tó máa lọ ní eré tirẹ̀, fi í sílẹ̀ ní 60, lọ sí Inspector, Retime and Scaling, kí o yan Frame Blend. Àwọn fírémù 60 sún mọ́ra púpọ̀, bó bá da méjì pọ̀, ó máa ń dà bí ìgbà tí ọwọ́ tó ń yára bá rí bàìbàì nínú kámẹ́rà lásán. Má dán an wò lórí ti fóònù o. Níbẹ̀, fírémù jìnnà síra, alága á ní ọwọ́ mẹ́rin.

Ọmọ_Ifàkì · Ọjọ́ Ajé, 11:05 alẹ́

Àǹtí, ẹ kú ìmọ̀ràn mà. Mo ń kọ́ iṣẹ́ yìí lọ́wọ́ ni. Mo rí Optical Flow lábẹ́ Frame Blend yẹn, ẹnì kan sì sọ fún mi pé òun ló dára jù. Kí ló ń ṣe gan-an?

Àǹtí_Ẹ́díìtà · Ọjọ́ Ajé, 11:32 alẹ́

Ó ń ya fírémù tí kámẹ́rà kò yà. Á wo fírémù méjì tó tẹ̀ léra, á tọpa ibi tí ohun kọ̀ọ̀kan ti ṣí lọ, á wá ya èyí tó yẹ kó wà láàárín wọn. Bí ohun tó ń lọ bá dá dúró gedegbe, bíi mọ́tò lójú títì tàbí òkè tí dróònù ń kọjá lórí rẹ̀, iṣẹ́ rẹ̀ máa ń wú mi lórí. Ibi tí nǹkan kan ti ń bo nǹkan mìíràn ló ti máa ń méfò.

Mo lò ó rí fún ìdána kan ní Adó níbí. Ìyá mẹ́ta ń gúnyán nínú odó kan, fóònù 30 ni wọ́n fi yà á, timeline mi jẹ́ 25. Nígbà tí mo wò ó lápapọ̀, ó dùn ún wò. Mo wá ń tẹ̀ ẹ́ ní fírémù kọ̀ọ̀kan. Bí ọmọ odó ṣe ń gba iwájú ìró ìyá àárín kọjá, òdòdó inú àǹkárá rẹ̀ lẹ̀ mọ́ igi náà, ó sì tẹ̀ bí ẹni pé rọ́bà ni wọ́n fi gbẹ́ ẹ. Etí gèlè rẹ̀ yọ́ mọ́ ògiri tó wà lẹ́yìn rẹ̀. Ìlẹ̀kẹ̀ ọrùn rẹ̀, méjì di ẹyọ kan, ó tún pín padà sí méjì. Òǹwòran lè má mọ orúkọ ohun tó ṣẹlẹ̀, àmọ́ á ní nǹkan kan ń ṣe ojú òun bákan.

Mo yọ Optical Flow kúrò níbẹ̀. Mo dá a padà sí Nearest, èyí tó kàn ń mú fírémù tó súnmọ́ jù, mo wá gé àwòrán náà kúrú sí bíi ìṣẹ́jú-àáyá méjì, mo sì ń gé e gẹ́lẹ́ níbi tí ọmọ odó bá ti dún gbì. Etí ń gbọ́ gbì, ojú ń gba àwòrán tuntun, kò sí àyè fún ẹnikẹ́ni láti rí ìkọsẹ̀. Nǹkan tó ń kọsẹ̀ kì í pẹ́ lójú. Àwòrán gígùn tó ń rìn lọ́ra láti ìhín sọ́hùn-ún ló ń tú àṣírí.

Àbúrò Ifàkì, máa lò ó, ṣùgbọ́n máa wò ó ní fírémù kọ̀ọ̀kan kó tó kúrò lọ́wọ́ rẹ.

Ayàwòrán_Ìkẹ́rẹ́ · Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 1:20 ọ̀sán

Àǹtí, Ọlọ́run á bá mi san án fún yín. Ijó ti gún! Mo ṣe ẹ̀dà bí ẹ ṣe wí. Èyí tó ń lọ lọ́ra, ẹ̀yin náà ẹ bá fẹ́ràn rẹ̀: ibi tí ọmọ odó ti ń gòkè, iyán ń fà tẹ̀ lé e bí okùn, okùn náà á tín-ín-rín, á já. N kò rí i lójú ara mi lọ́jọ́ náà.

Ẹnu alága ló kù. Mo yí Retime Process sí mẹ́tẹ̀ẹ̀ta (Nearest, Frame Blend, Optical Flow), kò yàtọ̀. Mo tún ṣí fídíò náà nínú MediaInfo, app tó ń sọ bí fáìlì fídíò ṣe rí, n kò kà á tán lákọ̀ọ́kọ́. Ó kọ síbẹ̀ pé Frame rate mode: Variable, ìyẹn pé iye fírémù rẹ̀ ń yí padà. Èyí tó kéré jù súnmọ́ 24, èyí tó pọ̀ jù lé ní 30 díẹ̀. Ṣé òun ni ọ̀tá mi?

Ohùn_Ìkọ̀lé · Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 2:02 ọ̀sán

Ẹ pẹ̀lẹ́ o. Èmi ni mo ń bójú tó ohùn àti fídíò ní ṣọ́ọ̀ṣì wa ní Ìkọ̀lé, ọ̀rọ̀ ẹnu tí kò bá ohùn mu yìí sì ti gba oorun lójú mi rí. Kí ẹ tó tún nǹkan kan ṣe, ẹ wọn bó ṣe ń sá. Ẹ lọ sí ìṣẹ́jú 5, 12, 20 àti 30, kí ẹ wá ibi tí ètè méjèèjì ti pàdé, bí ìgbà tó bá pe "b" tàbí "m". Ẹ ka iye fírémù tó wà láàárín ìpàdé ètè àti ohùn rẹ̀.

Bó bá ń pọ̀ sí i déédéé, aago méjì ni kò bára wọn mu. Àpẹẹrẹ rẹ̀ ni fídíò 29.97 tí ẹnì kan kà sí 30: ìṣẹ́jú-àáyá 3.6 ló fi ń sá ní wákàtí kan, ìyẹn 0.6 ní ìṣẹ́jú mẹ́wàá mẹ́wàá. Ẹ lè fi ìṣirò kan mú un. Bó bá dúró, tó sá, tó tún dúró, ìyẹn ni Variable tí ẹ rí yẹn.

Ayàwòrán_Ìkẹ́rẹ́ · Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 4:41 ìrọ̀lẹ́

Mo ti wọ̀n ọ́n. Ìṣẹ́jú 5: kò sí. Ìṣẹ́jú 12: fírémù 3. Ìṣẹ́jú 20: fírémù 19. Ìṣẹ́jú 30: fírémù 20. Láàárín 12 sí 20 ló sá gan-an. Mo wo ohun tó ń ṣẹlẹ̀ nígbà náà. Òjò ṣú, gbogbo wọn wọ abẹ́ àgọ́, a kò sì tíì tan jẹnẹrétọ̀.

Ohùn_Ìkọ̀lé · Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 5:15 ìrọ̀lẹ́

Ẹ ti rí i. Nígbà tí ibẹ̀ ṣókùnkùn, fóònù dín fírémù kù kí ọ̀kọ̀ọ̀kan lè rí ìmọ́lẹ̀ tó pọ̀ sí i gbà. Bó bá gbóná jù, ó lè ṣe bẹ́ẹ̀ pẹ̀lú. Ohùn kò dúró dè é. Tí a bá wá gbé irú fídíò bẹ́ẹ̀ sórí timeline, tí a kà á bí ẹni pé 30 ni látòkè délẹ̀, ibi tó ní fírémù díẹ̀ á yára kọjá, ẹnu á sì ṣíwájú ohùn. Ohun tí ẹ sọ lọ́jọ́ Ajé gan-an nìyẹn, pé ó ń pa ẹnu dé kí orin tó tán.

Ẹ sọ ọ́ di ojú kan kó tó wọ Resolve. Nínú HandBrake, app tó ń yí fídíò padà, ẹ lọ sí Video, ẹ mú 30, ẹ yan Constant Framerate, ẹ fi quality sí RF 16. Bí ẹ bá fẹ́ràn ffmpeg bíi tèmi, èyí tí a ń tẹ àṣẹ fún:

ffmpeg -i alaga.mp4 -vf fps=30 -c:v libx264 -crf 16 -af aresample=async=1 -ar 48000 -c:a pcm_s16le alaga30.mov

Yóò tún fírémù ṣe níbi tí fóònù ti dín in kù, gígùn àwòrán á bá gígùn ohùn dọ́gba. Ohùn náà á di 48 kHz, èyí tí fídíò ń lò.

Ìbéèrè kan: báwo ni fídíò yẹn ṣe dé ọwọ́ yín?

Ayàwòrán_Ìkẹ́rẹ́ · Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 5:22 ìrọ̀lẹ́

Orí chat ni àbúrò ìyàwó fi í ránṣẹ́ sí, ní ìgékúrú mẹ́ta tí mo lẹ̀ pọ̀.

Ohùn_Ìkọ̀lé · Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 5:30 ìrọ̀lẹ́

Ẹ má lo ìyẹn. Wọ́n ti fún un pọ̀ kó tó dé ọ̀dọ̀ yín. Ẹ dìde lọ bá a pẹ̀lú wáyà, kí ẹ kó ojúlówó rẹ̀ láti inú fóònù. Bó bá jìnnà, kó fi ránṣẹ́ bí Document.

Dróònù_Ẹ̀fọ̀n · Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 8:10 alẹ́

Mo ka gbogbo rẹ̀, mo sì dúpẹ́ lọ́wọ́ Bàbá. Mo gbà pé mo yára jù. Tí iṣẹ́ bá jẹ́ tèmi látìbẹ̀rẹ̀ dópin, 24 náà ni màá máa lò, torí bó ṣe ń rí wù mí, kò sì sí ohun tó ń bá a jà. Ṣùgbọ́n àwọn oníṣẹ́ ìgbéyàwó máa ń gba fídíò òkè lọ́wọ́ mi sínú timeline 25 wọn. Ṣé mo ti ń bá iṣẹ́ wọn jẹ́ láti ọjọ́ yìí ni?

Àǹtí_Ẹ́díìtà · Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 8:36 alẹ́

Rárá o, tìrẹ rọrùn jù. Clip Attributes kan náà, kí wọ́n sọ 24 di 25. Á fi bíi ìdá 4 nínú 100 yára sí i, kò sì sí fírémù tó máa sọnù. Bí tẹlifíṣọ̀n ilẹ̀ Yúróòpù ṣe ń fi fíìmù 24 hàn láti ọjọ́ pípẹ́ nìyẹn. Òkè Ẹ̀fọ̀n kò ní ẹnu tí ohùn fẹ́ bá mu. Ta ló máa mọ̀?

Ayàwòrán_Ìkẹ́rẹ́ · Ọjọ́rú, 11:48 àárọ̀

Mo lọ pẹ̀lú wáyà láàárọ̀ yìí. Mo kó ojúlówó, mo fi ffmpeg sọ ọ́ di ojú kan. Mo wò ó ní ìṣẹ́jú 5, 12, 20, 30 àti 37. Ètè àti ohùn ń pàdé níbi gbogbo. Ọ̀rọ̀ alága wá dùn nísinsìnyí, torí ojú rẹ̀ àti ohùn rẹ̀ jọ ń bọ̀ ni.

Ẹ dárí jì mí, ọ̀kan ló kù. Lẹ́yìn tí a tan jẹnẹrétọ̀, nínú fídíò 60 nìkan, àwọn ìlà dúdú tó nípọn ń sọ̀kalẹ̀ lójú àwòrán, ó ń lọ ó ń bọ̀. Kámẹ́rà tèmi tó wà ní 25 kò ní in, àfi níbi tí DJ ti bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́, tó yọ díẹ̀.

Bàbá_Kásẹ́ẹ̀tì · Ọjọ́rú, 12:30 ọ̀sán

Èyí kì í ṣe ti timeline. Iná ni.

Iná wa jẹ́ 50 Hz, gílóòbù sì máa ń ṣẹ́jú nígbà 100 ní ìṣẹ́jú-àáyá kan. Ojú wa kò rí i, kámẹ́rà ń rí i. Bí shutter (ìwọ̀n ìṣẹ́jú-àáyá tí fírémù kan fi ń gba ìmọ́lẹ̀) bá jẹ́ 1/50, ìgbà méjì gbáko tí gílóòbù ṣẹ́jú ló ń wọ fírémù kọ̀ọ̀kan. Bó bá jẹ́ 1/100, ọ̀kan gbáko. Gbogbo fírémù á rí ìmọ́lẹ̀ kan náà. Ẹni tó ń ya 60 sábà máa ń fi shutter sí 1/125 torí wọ́n kọ́ ọ pé kí shutter jẹ́ ìlọ́po méjì fírémù. Ìlànà yẹn dára lábẹ́ oòrùn. Lábẹ́ iná wa, 1/125 kò gba ìgbà kan tí gílóòbù ṣẹ́jú tán, ibì kan nínú àwòrán á mọ́lẹ̀, ibì kan á ṣókùnkùn. Ká ní ó fi í sí 1/100 ni, ìlà yẹn ì bá má yọ, bó tilẹ̀ jẹ́ 60 ló ń yà.

Ti DJ ńkọ́? Eré ẹ́ńjìnnì ni 50 Hz jẹnẹrétọ̀. Púpọ̀ nínú àwọn kéékèèké yẹn ní láti máa yí nígbà 3,000 ní ìṣẹ́jú kan kí 50 Hz tó pé. Bí DJ bá so ẹ̀rọ rẹ̀ mọ́ ọn, tí báàsì sì ń dún, ẹ́ńjìnnì á rọ̀ díẹ̀, iná náà á sọ̀kalẹ̀ kúrò ní 50, 1/50 rẹ kò sì ní bá a mu mọ́. Bí wọ́n bá ń tan jẹnẹrétọ̀ lọ́jọ́ iṣẹ́, bẹ̀ wọ́n kí DJ ní tirẹ̀ lọ́tọ̀. Bí o kò bá rí ìyẹn gbà, wo ojú kámẹ́rà rẹ dáadáa nígbà tí ìlù bá ti wọlé, kì í ṣe kí ìlù tó bẹ̀rẹ̀. Àwọn kámẹ́rà kan tilẹ̀ ń jẹ́ kí o yí shutter díẹ̀díẹ̀ títí ìlà á fi dúró.

Èyí tó ti wọlé, fi ti kámẹ́rà ńlá bò ó. Ibi tí o kò bá ti rí nǹkan fi bò ó, gé e kúrú. Má fi slow motion sí ibi tí ìlà wà, torí ìlà náà á lọ́ra, gbogbo ayé á rí i.

Ayàwòrán_Ìkẹ́rẹ́ · Ọjọ́ Ẹtì, 7:55 alẹ́

Mo ti gbé e lọ. Mo fi flash sí ẹ̀yìn tẹlifíṣọ̀n wọn, mo sì jókòó tì wọ́n, torí mo fẹ́ rí ojú wọn.

Ìyá ìyàwó kò sọ̀rọ̀ títí a fi dé ibi tó ti ń so ìlẹ̀kẹ̀ mọ́ ọrùn ọmọ rẹ̀ kí wọ́n tó jáde. Ọmọkùnrin yẹn ló yà á ní 60, lójú fèrèsé, kí òjò tó ṣú. Ní slow motion, ìka ìyá ń gbọ̀n lórí ìkọ́ ìlẹ̀kẹ̀ náà, ó wá a lẹ́ẹ̀kan, kò rí i, ó tún wá a, ó bọ́ sínú rẹ̀. Ó ní kí n dá a padà. Mo dá a padà lẹ́ẹ̀mẹ́ta. Ó ní òun kò mọ̀ pé ọwọ́ òun ń gbọ̀n lọ́jọ́ náà.

Sátidé tó ń bọ̀, mo ní òkú àgbà kan ní Adó, kámẹ́rà mẹ́ta. Mo ti gé sẹ́lótéèpù, mo kọ ọ́ sí ara wọn: 25 àti 1/50 fún méjì, 50 àti 1/100 fún èyí tí ọmọkùnrin yẹn máa gbé. Fóònù ni n kò mọ bí mo ṣe máa ṣe.

Ohùn_Ìkọ̀lé · Ọjọ́ Ẹtì, 8:20 alẹ́

Ẹ kú oríire. Bó bá jẹ́ iPhone, ẹ lọ sí Settings, Camera, Record Video, kí ẹ tan Show PAL Formats. 25 á yọ jáde. Ẹ pa Auto FPS níbẹ̀ kó má baà máa dín fírémù kù nínú òkùnkùn. Bó bá jẹ́ Android, ẹ wá app kámẹ́rà tó ń jẹ́ kí ènìyàn yan fírémù fúnra rẹ̀. Ẹ ṣì máa fi MediaInfo yẹ̀ ẹ́ wò kó tó wọ timeline.

Ọmọ_Ifàkì · Ọjọ́ Ẹtì, 8:34 alẹ́

Mo ti tan án lórí tèmi, ẹ̀gbọ́n. 1080p 25 àti 4K 25 ti yọ. Mo ya ìyá mi níbi tó ti ń da èlùbọ́ sórí omi gbígbóná, mo fi MediaInfo wò ó, 25 ló kọ. Bí ẹ bá ń wá ẹni tó máa mú fóònù ní Adó lọ́jọ́ Sátidé, ọkọ̀ kan ni láti Ifàkì.

Ayàwòrán_Ìkẹ́rẹ́ · Ọjọ́ Ẹtì, 8:41 alẹ́

Máa bọ̀. Aago méje àárọ̀ ni a ó pàdé ní Fájuyì. Gba agbára sínú fóònù rẹ dáadáa, kí o sì mú wáyà dání.